Ohun Tí Ìyá Òkété Ń Jẹ Lóko

Àlọ́ mi yọ lẹ́nu ihò, ó bá Òkété opó lọ́dún tí ọ̀dá mú. Ojoojúmọ́ ló ń wá ẹyìn wálé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó jẹun, a máa ní, "Mo ti yó lóko."

Àwẹ̀ró, àkọ́bí rẹ̀, fura pé èyí tó dára jù ni ìyá ń dá jẹ. Ó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó bá a nídìí ọ̀pẹ tó ń gé èèpo igi jẹ, tó ń kọrin:

Èèpo igi korò lẹ́nu,
*Jẹ́ n jẹ ẹ́.*
Kí ẹyìn lè kárí ọmọ,
*Jẹ́ n jẹ ẹ́.*

Àwẹ̀ró sáré padà sílé. Nígbà tí ìyá dé, kò sí ọmọ tó fọwọ́ kan ẹyìn. Àwẹ̀ró ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ jẹ." Ìyá wò wọ́n títí, ó mú ẹyọ kan, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró ti dàgbà báyìí, ẹyìn kún ilé rẹ̀. Síbẹ̀, ó ní òun kò tíì rí èyí tó dùn tó ti ọjọ́ náà.