Àwọn Ohun Tó Wu Ọmọ Akọ̀wé

Kí ọ̀gá tó wá kí akọ̀wé rẹ̀ nílé tó fìdí jókòó, ọmọ ọlọ́dún méjì náà ti gbé ọmọrí ìkòkò lé e lórí itan. Ó tún sáré lọ gbé sálúbàtà kan ṣoṣo wá.

"Ẹ má dá a lóhùn, sà," ni bàbá rẹ̀ akọ̀wé wí, ó na ẹsẹ̀ tó fi báńdéèjì wé dé orúnkún sórí tìmùtìmù. "Mo ra ọkọ̀ ìṣeré, kò wò ó. Pàǹtí ló wù ú."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí akọ̀wé ti wà nílé nítorí ẹsẹ̀ tó ní ó kán. "Má ì tíì fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ o."

"Mo tó bẹ́ẹ̀, sà?"

Ọmọ rí etí báńdéèjì, ló bá fà á. Ó ń tú u, ó ń pariwo, "Tèmi! Tèmi!" Ó wọ́ ọ sá lọ. Akọ̀wé fò dìde, ó lé e yí pálọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì kó tó rántí.

Ìyàwó rẹ̀ sáré yọ láti ilé ìdáná.

"Ẹ má bínú, sà. Láti àárọ̀ yìí tí dádì rẹ̀ ti ra báńdéèjì yẹn ni kò ti jẹ́ ká sinmi."