Báńdéèjì Ọ̀gágun

"Ǹjẹ́ bàbá mi tiẹ̀ gbé mi rí?"

Orí ibùsùn ni ìyá arúgbó náà ti béèrè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọjú sí fèrèsé, ó ń wo èrò òpópónà Rye Lane ní Lọ́ńdọ̀nù. Olùtọ́jú ìyá náà, obìnrin Ìsẹ́yìn kan, fi àwàdà bò ó.

"Ọ̀gágun ni wọ́n o, Mummy! Ṣé ìbọn ni wọn ì bá sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gbé yín?"

Arúgbó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá mi ja ogun àgbáyé kìíní, kò kú. Nàìjíríà ló wà nígbà tí ìyá mi bí mi, tó sì bá ìkúnlẹ̀ lọ. Mo pé ọmọ ọdún méjì, ó fi mí ránṣẹ́ sílé, sí Ìlú Ọba níbí. Ogun kejì ló pa á ní Bọ́mà. Mi ò mọ̀ bóyá ó tiẹ̀ fẹ́ràn mi."

Ó pa ojú dé. Kò là á mọ́.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sunkún tán, ó ní kí olùtọ́jú bá òun sọ fọ́tò ọ̀gágun kalẹ̀ lára ògiri, kí àwọn gbé e ti màmá òun.

"Ẹ rọra o. Ẹ rí báńdéèjì àyà wọn yẹn? Ọta ìbọn ló bà wọ́n," ni ọmọ náà wí.

Olùtọ́jú fi ìka nu eruku ara gíláàsì. Aṣọ òfì ni báńdéèjì náà, wọ́n ta á ní kókó lé bọ́tìnnì ọ̀gágun lórí, bí òun náà ṣe máa ń ta á nígbà tó ń tọ́mọ. Lábẹ́ apá méjèèjì ọ̀gágun, ẹsẹ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan yọ jáde. Ọ̀kan wọ ìbọ̀sẹ̀, èkejì kò wọ̀.