Òkúta Tí Alágbàfọ̀ Fọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1. Alágbàfọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ẹ̀gbọ̀n-Òwú, nítorí bí aṣọ tó bá fọ̀ ṣe máa ń funfun. Ìyàwó rẹ̀ ní àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀, tó kún fún omi iyọ̀ bíi ti òkun. Ẹja kéékèèké méjì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òkúta òkun àti iyùn ààyè kan, ẹ̀dá inú òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta dàgbà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni obìnrin náà fi tọ́ iyùn yìí kó tó tóbi tó àwo ọbẹ̀.

2. Ọmọ wọn obìnrin bímọ, ìyá sì fẹ́ lọ bá a gbé fún oṣù kan. Ó mú ọkọ rẹ̀ dúró níwájú àpótí.

“Bàbá Ìbejì, bí omi bá fà, omi lásán tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi dí i. Ẹ fún ẹja lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ má fọ òkúta o!”

“Mo ti gbọ́, ìyá àgbà tuntun.”

3. Kò pẹ́ tí ìyàwó lọ tí àbúrò ọkọ yà sílé. Ó wo òkúta tí nǹkan dúdú àti pupa ti bò, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ilé alágbàfọ̀ náà rèé?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ká a lára. Bí àbúrò ṣe jáde báyìí ló ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Ó fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì gbo àwọn òkúta, ó sá wọn sóòrùn. Èyí tí iyùn lẹ̀ mọ́ nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Ó tò wọ́n padà, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀.

4. Fóònù dún lójú ẹsẹ̀.

“Ta ló fọ òkúta?”

“Èmi ni. Ṣé o rí i bó ṣe ń dán?”

“Yéè! Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú ò lè rí ló wà lára òkúta yẹn. Àwọn ló ń pa oró inú ìgbẹ́ ẹja. Ẹ ti pa wọ́n! Ẹ po omi iyọ̀ tuntun, kí ẹ pààrọ̀ ìdajì lónìí, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.”

“Omi tó mọ́ gaara yìí? Jẹ́ ká wò ó ná.”

5. Lọ́jọ́ kẹta, ẹja ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi, iyùn sì ti súnkì. Ìgbà yẹn ni àyà rẹ̀ já. Ó pààrọ̀ omi láàárọ̀, ó tún pààrọ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹja yè é. Iyùn ò yè é. Ó ń ya kúrò lára òkúta bí àkísà.

6. Nígbà tí ìyàwó dé, ó lọ tààrà síbi àpótí. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó gbé egungun iyùn jáde.

“Ọdún mẹ́fà mi lẹ fọ̀ dànù.”

Ọkùnrin náà wolẹ̀. “Kí la máa ṣe báyìí?”

“Ẹ mú ìwé. Láti òní lọ, ẹ ó máa yẹ iyọ̀ àti oró inú omi wò láràárọ̀, ẹ ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá dúró dáadáa fún oṣù mẹ́ta, a ó ra iyùn kékeré.”

“Ọdún mẹ́fà mìíràn?”

“Ẹ mú ìwé.”

Ó mú ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Bí ẹni tó ni nǹkan bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé ọgbọ́n iṣẹ́ yín lọ sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, tí wọ́n ti sọ àtúnṣe fún yín, ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an. Òkúta tí wọ́n fọ̀ nìkan kọ́ ló pa iyùn yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta “jẹ́ ká wò ó ná” ló parí rẹ̀.