Ife Tó Ń Làágùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ kà á tán. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà, inú mi sì wà lára àwọn inú tó jìyà ẹ̀.

1.
Iléeṣẹ́ omi àdúgbò wa ní àṣà kan. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi, ẹni tó bá síwájú lórí ìlà á fi ife tiẹ̀ gba omi lẹ́nu ẹ̀rọ, á gbé e fún ọ̀gá iléeṣẹ́, ọ̀gá á sì mu ún tán lójú gbogbo wa. Lẹ́yìn náà la máa ń tó gbé kọ́rọ́bà síwájú. A ò bi wọ́n ní ìbéèrè míì. Ìyẹn ti tó wa.

Ọ̀gá tuntun wá dé. Oníkóòtù là ń pè é, torí kì í bọ́ kóòtù lọ́rùn, bí oòrùn ń ràn, bí òjò ń rọ̀. Ìyá ìyàwó ẹ̀, aránṣọ tó ń gbé lódìkejì iléeṣẹ́ náà, ló rán kóòtù ọ̀hún fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá á dúró lórí ìlà, wọ́n á ní, "Ẹ wo àna mi. Òun ló ń tọ́ omi wò fún gbogbo yín." Ẹni bá sún mọ́ wọn á gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

2.
Ìgbéraga wá wọ Oníkóòtù lẹ́wù. Ó ní ọ̀gá bíi tòun ò lè máa fi ife ẹlòmíì mumi níta bí ewúrẹ́. Ló bá ń gbé ife tiẹ̀ jáde láti ọ́fíìsì, ó ti kún dẹ́nu. A rò pé omi ẹ̀rọ ni, àṣé omi inú ìgò ni, inú fíríìjì ló ti ń bọ̀.

Ẹ gbọ́ o, omi ẹ̀rọ wa dára. Obìnrin tó ń yẹ omi wò níbẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, kò sóhun tó ṣe é. Irọ́ tí kò nídìí ni bàbá yìí ń pa.

Lọ́jọ́ kan tí ooru mú, Màmá rí i pé bọ́tìnnì kóòtù ẹ̀ fẹ́ já. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ ẹ̀ kó lè ráyè bọ́ kóòtù fún wọn. Wọ́n wo ife náà. Ife ń làágùn.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ̀rọ wo ló ń pọn omi tútù báyìí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nínú ilé."

"Ìta lo ti ń mu ún. Ìta la ó ti sọ ọ́."

Ẹ̀rín pa wá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Màmá nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé kọ́rọ́bà wọn lófìfo, wọ́n lọ sílé.

3.
Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, páìpù ńlá bẹ́, ìdọ̀tí wọnú omi. Oníkóòtù sáré jáde láìwọ kóòtù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún lónìí àti lọ́la. Mo fi ọmọ mi bẹ̀ yín."

Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ káfíńtà tó wà níwájú mi ní, "Nígbà tó ní ó dára, kò mu ún. Tó bá wá ní kò dára, á jẹ́ pé ó ti dára nìyẹn." Ọgbọ́n yẹn dùn létí wa. A pọn ọ́n, a mu ún.

Kó tó di ọ̀sán, ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti gùn ju ìlà omi lọ. Káfíńtà ọlọ́gbọ́n ló kọ́kọ́ débẹ̀, òun náà ló kẹ́yìn níbẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó kú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Màmá fi dùbúlẹ̀. Oníkóòtù gbé omi tí wọ́n ti sè lọ fún wọn.

"Màmá, mo ṣáà sọ fún yín."

"O sọ. Ta lo fẹ́ kó gbà ẹ́ gbọ́? Èmi tí mò ń fi ẹ́ yangàn?"

Ó bú sẹ́kún. Ó dùn ún dọ́kàn.

4.
Iléeṣẹ́ omi gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n fi obìnrin tó ń yẹ omi wò jọ̀gá. Oníkóòtù wá di ẹni tó ń ṣí ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, àmọ́ láràárọ̀ ló ń gba ife lọ́wọ́ ẹni tó síwájú, tó ń mu ún tán. Màmá á dúró, wọ́n á tẹjú mọ́ ọ̀fun ẹ̀ títí á fi gbé e mì, kí wọ́n tó pọnmi. Odindi ọdún kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá dé, wọ́n gbé kọ́rọ́bà sábẹ́ ẹ̀rọ.

"Màmá, mi ò tíì mu ún o."

"Mo mọ̀. Ṣí i jàre, iṣẹ́ ń dúró dè mí nílé."

Ó ń ṣí i, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún un. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bíi pé èmi ni wọ́n dárí jì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò, ẹ ṣọ́ra. Ọdún kan gbáko ló fi wá ohun tó sọnù láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Òótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbà gbọ́ ò lè gba aráàlú lọ́wọ́ inú rírun. Ẹ̀yin ará ìlà náà, ẹ má torí ìbínú mu ìdọ̀tí. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí káfíńtà yín pẹ̀lú.

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ìdí tó fi gbà á tó ọdún kan: ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.