Ìrìbọmi ní Rush

Omi tútù ti mu ìyàwó kan dé àyà nígbà tí séèlì ńlá kan, ẹranko òkun tó lórí bí ajá, yọ láàárín òun àti Tẹjúmádé, arábìnrin ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n jọ fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní etíkun ìlú Rush nílẹ̀ òyìnbó. Séèlì náà yánu, eyín rẹ̀ hàn.

"Ẹ má sá," ni Pásítọ̀ wí láàárín omi. "Ẹ rọra máa padà sẹ́yìn."

Ìgbà náà ni ìyàwó rí ọkọ rẹ̀ tó ju táwẹ̀lì sílẹ̀ létí òkun, tó kó sómi tòun ti bàtà. Ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń bẹ̀rù òkun bí ẹni ń bẹ̀rù ikú. Omijé bọ́ lójú ìyàwó. Ó na ọwọ́ sí i.

Ọkọ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà kọjá.

"Tẹjú mi, dì mọ́ mi," ló ń wí, ó sì gbé arábìnrin náà mọ́ àyà lọ sórí iyanrìn.

Séèlì náà rì, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ó ti lọ, mà," ni Pásítọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká jáde."

"Ẹ ṣe ìrìbọmi mi, sà," ni ìyàwó náà dáhùn. "Ẹ má sì tètè fà mí sókè."