Géèmù Ìlú Olódi

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni oorun gbé Màmá Matilda lọ lórí àga ní pálọ̀, nígbà tó sì máa lajú, ohun tó gbọ́ ni bí ayálégbé rẹ̀ ṣe ń gbèrò láti pa ìyá àgbà kan.

"Tá a bá ń fi sínú oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀," Olúmidé ń sọ lórí fóònù ní yàrá kejì, "kò sẹ́ni tó máa fura. Wọ́n á ní ogbó ló pa á. Tó bá ti lọ báyìí, ilé di tiwa."

Àyà Màmá já. Ìyá àgbà wo ló tún ń dá gbé inú ilé ńlá ládùúgbò wọn n'Ìjẹ̀bú-Òde, bí kò ṣe òun? Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ọmọ òun ò nílò ilé mọ́, ẹni tó bá dúró ti òun títí dójú ikú ni yóò jogún rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni tẹ́lẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára kó máa sọ̀rọ̀ kí gbogbo èèyàn máa gbọ́.

Olúmidé kì í sì í ṣe ọmọ burúkú lójú ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì tó wà n'Ìjàgun. Ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń pọnmi, ó ń gbálẹ̀. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí ara Màmá ò ti fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, òun ló ń dáná fún un. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọlọ́run ló fi ọmọ náà ta á lọ́rẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, òórùn ẹja gbígbẹ gba gbogbo pálọ̀. Màmá ní inú òun kún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ gbígbóná ló gbé wá. Màmá dà á sẹ́yìn fèrèsé, ó sì rẹ gààrí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù nínú àpò. Ẹ̀rù ń bà á débi pé ó ń fi àga ti ilẹ̀kùn yàrá kó tó lè wọ aṣọ. Ó pe Moṣọpẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù ní Odògbolú.

"Máa bọ̀," ló rọra wí. "Má tíì bi mí pé kí ló dé."

Moṣọpẹ́ ní tóun bá ti jáde níbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun ń bọ̀ tààrà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi pàṣán kọ́ ọmọ aráyé lẹ́kọ̀ọ́ ò lè máa sá fún ọmọdé nínú ilé ara rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí Olúmidé tún gbé ìkọ́kọrẹ́ mìíràn ka iwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Olúmidé, oúnjẹ ta lẹ fẹ́ fi nǹkan sí?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì! Ẹ gbọ́ wa? Ẹ má bínú, mà. Géèmù ni!"

Ó sáré gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Ó ní Ìlú Olódi ni wọ́n ń pè é. Ayé àtijọ́ ni, odi yí ìlú ká. Èèyàn á kọ́ṣẹ́, á dáko, á gbéyàwó, á kọ́lé. "Ìyá kan ló ni ilé tó dára jù lọ níbẹ̀, mà. Ọ̀nà témi àti ọ̀rẹ́ mi máa fi gba ilé náà là ń wá."

Màmá wọ gíláàsì rẹ̀. Ó rí ojúde ńlá kan tí àwọn arúgbó olórí funfun kún bámúbámú, kò sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ sí.

"Kí ló dé tí arúgbó pọ̀ tó báyìí?"

"Ọdún ni wọ́n ń ṣe, mà. Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ n ka ohun táwọn tó ń gbá a sọ fún yín."

Ẹnìkan kọ ọ́ pé àwọn tó ṣe géèmù náà dáwọ́ lé ohun tó ju agbára wọn lọ. Òmíràn ní, "Mo gbéyàwó lánàá, ó jí lónìí, ó ń bi mí pé ta ni mí." Ẹlòmíràn ní, "Màlúù mi gun òrùlé, kò sọ̀ mọ́, síbẹ̀ mi ò tíì rí géèmù tó dùn tó èyí." Olúmidé fi ìka sún díẹ̀ nínú wọn kọjá, ó ka òmíràn. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ojú wá tì í. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sìn ọ́ lo fura sí yìí! Nílé tí wọ́n ti tọ́ Màmá dàgbà ní Ayépé, béèyàn bá ka ẹ̀sùn sí ọmọlúàbí lọ́rùn, kì í fi ẹnu lásán bẹ̀ ẹ́. Oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò jẹ, yóò sì jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀. Ó fa àwo mọ́ra.

"Wá ká jọ jẹ ẹ́, ọmọ mi."

"Mo ti jẹ tèmi ní kíṣìnnì, mà."

Màmá jẹ ẹ́, ó sì fi ìka nu ìdí àwo. Olúmidé fọ àwo náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun, ó dọ̀bálẹ̀, ó jáde.

Kò pẹ́ tí Moṣọpẹ́ fi wọlé pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń mí hẹlẹ. Màmá mú un jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀, ó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́: ọ̀rọ̀ orí fóònù, ẹ̀kọ tó dà nù, ìyá àgbà inú géèmù tí wọ́n fẹ́ fún ní májèlé nítorí ilé, ìkọ́kọrẹ́ tó jẹ tán láti fi tọrọ àforíjì.

"Ìlú Olódi kẹ̀?" ni Moṣọpẹ́ wí. "Èmi náà ń gbá a, Màmá, ohun tí gbogbo wa sì ń tìtorí ẹ̀ bú àwọn tó ṣe é ni pé kò sí ohun tá a lè ṣe fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó máa fi kú."