Àáró Tí Mọ́nsúrù Kò San

Mọ́nsúrù ọmọ Àsíyátù kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe oníjà. Ohun tó ba ayé rẹ̀ jẹ́ ni pé ó mọ oore gbà, kò mọ̀ ọ́n san padà. Ìyá rẹ̀ ti rí i láti kékeré, ó sì ti bá a wí títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n tó bá di ti bọ́ọ̀lù, ká sọ tòótọ́, ní ọdún 1954 kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá tó o láti Kàbbà títí dé Mopa. Àárín ni ó máa ń wà, lẹ́yìn àwọn tó ń sáré lọ gbá a sílé. Yóò tan ẹni méjì jẹ, yóò sì rọra ta bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀ ẹnì kan tí ojú aráyé kò tíì rí. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù pín fún ẹlòmíràn báyìí, kí ló dé tí kò lè fi ọkọ́ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ni Àsíyátù ń rò ṣáá.

Àgbẹ̀ ni gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù Kàbbà nígbà náà. Kí wọ́n lè ráyè lọ sí pápá nírọ̀lẹ́, wọ́n dá àáró sílẹ̀ láàárín ara wọn. Wọn a jọ lọ sí oko ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí, oko ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ebè tí ẹnì kan ì bá fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ, wọn a kọ ọ́ tán lọ́jọ́ kan. Ọdún méjì léraléra ni wọ́n bá Àsíyátù kọ ebè, nítorí opó ni, ọmọbìnrin kéékèèké mẹ́ta sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gúnyán fún wọn, ó ṣàdúrà fún wọn. Àmọ́ bó bá ti kan oko ẹlòmíràn báyìí, ẹsẹ̀ Mọ́nsúrù á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

"Ìyá, bí ọkọ́ bá gé mi lẹ́sẹ̀, ta ni yóò gbá bọ́ọ̀lù fún Kàbbà?"

"Ẹsẹ̀ àwọn yòókù ńkọ́? Igi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni Mọ́nsúrù ní kó máa mọ́.

Lọ́dún kẹta, àìsàn dá bàbá Thomas dùbúlẹ̀. Thomas yìí ló ń ṣọ́lé fún wọn lórí pápá. Mọ́nsúrù fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun yóò wá sí oko wọn. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, bí Thomas ti ń ti oko bọ̀, tòun ti ọkọ́ léjìká, ó bá a lẹ́nu ọjà tó ń fi bọ́ọ̀lù dárà lórí ẹsẹ̀ fún àwọn ọmọge.

"Okun o, Mọ́nsúrù," ni Thomas kí i, bí ará Kàbbà ti ń kíni. Ó kọjá lọ sílé.

Òjò ọdún ń parí lọ nígbà tí lẹ́tà dé láti Kàdúná, lọ́jọ́ Sunday. Àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fẹ́ wo Mọ́nsúrù àti Thomas, bóyá wọn yóò mú wọn kún àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún gbogbo ilẹ̀ Àríwá. Ọkọ̀ yóò gbéra lọ́jọ́ Saturday. Inú Àsíyátù dùn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tísà Ọláníran, tó ń kó wọn lọ, kì í mú ọmọ ọlọ́mọ rìnrìn àjò láìgbọ́ lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀. Àgbà ilé wọn ni Sùlèímánì, ẹ̀gbọ́n bàbá Mọ́nsúrù tó ti kú.

"Èmi ò ní kó má lọ," ni Sùlèímánì wí. "Ṣùgbọ́n bí òjò bá dá, ilẹ̀ á le. Kí ni opó yìí yóò gbin iṣu sí? Kó kọ ebè ìyá rẹ̀ tán, kó máa lọ."

Àsíyátù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé Thomas láti bẹ̀bẹ̀ kí ẹgbẹ́ àáró, tí kò tíì yà sí oko rẹ̀ lọ́dún náà, wá. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ìyá, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ sọ fún Mọ́nsúrù kó wá bá wa, kó ní òun jẹ̀bi, òun yóò san án. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́la ni a ó wá."

Ó sáré padà wálé. Mọ́nsúrù gbọ́ ọ, ó yínmú.

"Kí n lọ bẹ Thomas? Ìyá, wọn ò lè gbá bọ́ọ̀lù láìsí èmi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣakọ, wọ́n á wá."

"Mọ́nsúrù, ó ti rẹ̀ mí."

"Wọ́n á wá, Ìyá."

Ó dúró dè wọ́n ní Monday, ó dúró ní Tuesday àti Wednesday. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ní Thursday ló gbé ọkọ́ fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e, ó fọwọ́ di ìbàdí mú. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Kó tó di alẹ́ Friday, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ilẹ̀ tó kù sì pọ̀ ju èyí tó ti kọ lọ.

Láàárọ̀ Saturday, wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀ ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja tó gba ẹ̀gbẹ́ oko wọn. Thomas jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó juwọ́ sí wọn. Mọ́nsúrù kò lè ju tirẹ̀.

"Ìyá, wọ́n lọ."

"Wọ́n ti lọ. Kọ ebè, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ọjà, àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù gbé ọkọ́ wá nítorí opó náà. Wọ́n kí Àsíyátù pé okun o, wọ́n sì kọ ìyókù ebè náà tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹnikẹ́ni kò bá Mọ́nsúrù sọ̀rọ̀. Láti ọdún náà lọ, òun ló ń kọ́kọ́ dé oko àáró gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n Kàdúná kò ránṣẹ́ sí i mọ́ títí orúnkún rẹ̀ fi gan tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ènìyàn kò yọ ọ́ nínú gbèsè oore. Ẹni tó bá bá ọ ṣe é lónìí, bá a ṣe é lọ́la. Bí o bá sì ti ṣẹ̀, tètè lọ bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò tíì gbéra. Mọ́nsúrù náà bẹ̀bẹ̀ nígbẹ̀yìn, wọ́n sì dárí jì í. Ọkọ̀ nìkan ni kò padà wá gbé e.